Ihò Tí A Kò Gbọdọ̀ Dí

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún oṣù Ṣẹ́rẹ́

Mo gba iṣẹ́ náà. Ọ̀gá Àgbà ilé-ìwé ti fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́ kí n tó sọ pé mo gbà, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ó ti so ẹran rẹ̀ mọ́lẹ̀. Yàrá ìkẹ́rù ni wọ́n ní kí n sọ di yàrá ẹ̀kọ́, ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí wọ́n ń kó àga tí ó kán sí láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ọmọ méjìlá ni yóò máa lò ó, láti inú kíláàsì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn tí àwọn olùkọ́ ń pè ní ọmọ tí orí wọn yá jù. Àwọn alábẹ̀wò yóò dé ní ìparí oṣù Èrèlè. Bí yàrá náà kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, àga kíkán yóò padà sí ipò rẹ̀.

"Ẹ gbọ́, Màdáámù," ni Ọ̀gá Àgbà wí, "mi ò fẹ́ yàrá tó kàn rẹwà o. Yàrá tí ọmọ tó bá tètè parí iṣẹ́ ò ní di ẹlẹ́wọ̀n ni mo fẹ́."

Mo ní mo gbọ́. Mo mọ ohun tí ó jẹ́ láti parí iṣẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn tó mú gègé. N kò ní kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹfà

Mo wọn yàrá náà lónìí. Ó gùn ní mítà mẹ́sàn-án, ó fẹ̀ ní mítà mẹ́fà. Kò ní àjà. Bí ènìyàn bá gbójú sókè, páànù ni yóò rí. Ìṣó kan ti bọ́ lára páànù náà ní ìhà gúúsù. Ihò tí ó fi sílẹ̀ kò ju orí ìka ọmọdé lọ, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba ibẹ̀ bọ́ sílẹ̀ roboto bí ẹyọ owó. Mo kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ mi: ihò kan, kí a dí i.

Mo tún bá àwọn àmì ṣọ́ọ̀kì kéékèèké lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, wọ́n tò bí èèrà. Olùkọ́ mi kan ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogbonìṣe a máa wí pé, "Ohun tí ẹ bá bá nílẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án." Ọdún mẹ́tàlélógún nìyí tí mo ti ń pa òfin yìí mọ́. Mo fi ògiri méjì ṣe ìpìlẹ̀, mo sì wọn àmì kọ̀ọ̀kan sí wọn. Nígbà tí mo dé orí ìkọkàndínlógún, ìyá agbálẹ̀ ti gbé omi dúró, ẹ̀yìn sì ń ro mí. Mo kọ "àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ" sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. A fọ ilẹ̀ náà. Ó mọ́ bí àwo.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo fi ṣọ́ọ̀kì ya àwòrán ètò yàrá náà sórí ilẹ̀ bí yóò ṣe tóbi gan-an: tábìlì méjìlá, wọ́n tò ní ọ̀wọ́ mẹ́ta, gbogbo wọn kọjú sí pátákó. Bàbá Káfíńtà, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí.

"Màdáámù Tépù, ẹ dákun, ṣé ẹ fẹ́ kọ́ wọn ni àbí ẹ fẹ́ sin wọ́n?"

"Kí ni ẹ̀ ń sọ, Bàbá?"

"Méjìlá, gígùn kan náà, ìbú kan náà, orí gbogbo wọn sí ibì kan náà. Ibojì ni mo rí o."

N kò rẹ́rìn-ín. N kò sì sùn dáadáa.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlá

Àwọn ọmọ wọlé padà láti ìsinmi. Kí agogo àárọ̀ tó dún, ọmọdébìnrin kan sáré wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tó bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, ríbọ́ǹ rẹ̀ kan ti tú. Ó gbé ẹsẹ̀ kan wọ inú yàrá náà, ó sì dúró. Ó wo ilẹ̀. Ó wo òkè. Ó tún wo ilẹ̀.

"Ta ló fọ ibí?"

Mo rò pé ìyìn ni. "Èmi ni mo ní kí wọ́n fọ̀ ọ́. Ó mọ́, àbí?"

Ó rọra yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, bí ẹni tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ ejò, ó sì lọ.

Ọ̀gá Àgbà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọmọ tí òun tìtorí rẹ̀ béèrè fún yàrá náà gan-an nìyẹn. Ìyá Ìbéèrè ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Láti oṣù Ọ̀wàrà ni olùkọ́ ìṣirò ti ń lé e jáde kúrò ní kíláàsì, yàrá ìkẹ́rù yìí ni ó sì máa ń ní kí ó lọ dúró sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlá

Àwọn mọ́kànlá wá wo yàrá wọn. Ìyá Ìbéèrè jókòó sórí àtẹ̀gùn. Wọ́n pè é, wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun kò wọ ibẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo fẹ́ kọ èyí bí ó ti rí gan-an.

Bàbá Káfíńtà gbé àkàbà ti ògiri láti ìta, ó fẹ́ gun òrùlé lọ dí ihò náà. Mo ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ilé nígbà tí mo gbọ́ ohùn ọmọ náà. Ó ti di ẹsẹ̀ àkàbà mú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dí i."

"Ihò? Ìwọ ọmọ yìí, ìwọ lo ni ihò ni?"

"Èmi kọ́ ni mo ni ín. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń ṣọ́ ọ."

"Kí ni ihò ń jí tí o fi ń ṣọ́ ọ?"

"Kì í jalè, Bàbá. Ó ń rìn ni. Tí agogo ìsinmi bá ti dún ní aago mẹ́wàá, mo máa ń sàmì sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá wà. Lójoojúmọ́ ló ń sún lọ sí apá wíńdò ńlá. Nígbà tí ìsinmi ọdún ń bọ̀, ìṣísẹ̀ rẹ̀ wá ń kúrú. Ẹni tó fẹ́ yí padà kì í sáré, mo wá mọ̀ pé ó máa padà. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀nà tó gbà lọ náà ló máa gbà bọ̀." Ó tún di àkàbà mú ṣinṣin. "Wọ́n ti wá fọ ọ̀nà rẹ̀."

Mo wà ní ẹ̀yìn igun ògiri, tépù lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ oṣù méjì ni mo fi korobá omi kan pa rẹ́. Ara mi tutù, kì í ṣe nítorí ìtìjú nìkan. Ta ni ó kọ́ ọmọ yìí pé kí ó máa wo ilẹ̀ kí ó lè mọ ohun tí oòrùn ń ṣe?

Bàbá Káfíńtà sọ̀kalẹ̀, ó gbé àkàbà rẹ̀, kò bi mí léèrè. N kò jáde sí wọn. Ojú tì mí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

N kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìwé iṣẹ́ mi. Baálé mi pàápàá kò mọ àwọ̀ inú rẹ̀. Lónìí mo jókòó ti ọmọ náà lórí àtẹ̀gùn, mo ṣí i, mo sì gbé e lé e lórí itan.

"Mo fọ iṣẹ́ rẹ dànù," ni mo wí. "Mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n mo wọn díẹ̀ nínú rẹ̀ kí n tó fọ̀ ọ́."

Ó fi ìka tọ àwọn nọ́ńbà náà wálẹ̀. "Mọ́kàndínlógún péré? Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n." Ìka rẹ̀ dúró ní ìsàlẹ̀. "Àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kí lèyí, Àǹtí?"

"Ìmẹ́lẹ́ ni," ni mo dáhùn. "Ìmẹ́lẹ́ mi nìyẹn."

Ó gba gègé ọwọ́ mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àmì kọ̀ọ̀kan, láti orí rẹ̀ wá, ó ń sọ ìdí wọn bí ó ti ń kọ ọ́.

"Ọjọ́ keje oṣù Ọ̀wàrà: mo bi tíṣà pé kí ló dé tí a ò lè fi òdo pín nǹkan. Ọjọ́ kẹjọ: mo tún bi í. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún: mo parí iṣẹ́ mi, mo wá bá ẹni ẹ̀gbẹ́ mi parí tirẹ̀. Ọjọ́ kejìlá oṣù Bélú, ìyẹn ni ìkọkàndínlógún: mi ò ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn, mo kàn ń kọrin."

"Kí ló dé tí o fi ń kọrin?"

Ó yà á lẹ́nu pé mo ń béèrè. "Tí mi ò bá ṣe nǹkan kan, wọn ò ní lé mi jáde. Tí wọn ò bá lé mi jáde, wọn ò ní ṣí yàrá yẹn fún mi; ta ló máa sàmì?"

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ń fi ìyà ra aago mẹ́wàá.

Ó da ìwé padà fún mi. Ó ti ṣírò rẹ̀ lórí ìka: bí ìmọ́lẹ̀ bá yí padà ní nǹkan bí ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Ọ̀pẹ, yóò padà sí àmì kọkàndínlógún ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù yìí.

"Tó bá bọ́ sí i," ni ó wí, "màá wọlé."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ìyá ọmọ náà wá. Aránṣọ ni, tépù tirẹ̀ náà wà lọ́rùn rẹ̀. A wo tépù ara wa, a sì kí ara wa bí ọmọ iṣẹ́ kan náà.

"Lẹ́tà mẹ́sàn-án ni wọ́n ti kọ sí mi," ni ó wí fún Ọ̀gá Àgbà. "Ọmọ mi ò jalè, ọmọ mi ò jà. Ó ń béèrè ọ̀rọ̀. Ẹ wá ní ẹ ti ṣe yàrá fún un, òun ò sì wọ̀ ọ́. Ẹ forí jì mí, mà, ó ti sú mi. Ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni mo fún yín. Bí ọ̀rọ̀ ò bá yí padà, màá mú ọmọ mi lọ síbi tí wọn ò ti mọ orúkọ ìnagijẹ rẹ̀."

Kò pariwo rárá. Irú wọn ni ó máa ń ṣe ohun tí wọ́n bá sọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ogúnjọ́

Mo fi ọwọ́ ara mi nu àwòrán tábìlì méjìlá mi kúrò nílẹ̀. Mo pín ṣọ́ọ̀kì fún àwọn mọ́kànlá. "Ẹ ya ibi tí ẹ fẹ́ wà."

Mo retí ariwo. Ìdákẹ́jẹ́ ni mo bá pàdé. Ọ̀kan dọ̀bálẹ̀, ó ní kí ọ̀rẹ́ òun fa ṣọ́ọ̀kì yí òun ká, nítorí pé ibẹ̀ ni òun ti máa ń ronú. Àwọn méjì ya tábìlì kan ṣoṣo. Èyí tí ó máa ń kólòlò ya àyè kékeré kan lábẹ́ wíńdò, ó sì kọ "èmi nìkan, ṣùgbọ́n kí n máa rí yín" sí inú rẹ̀. Mo ka gbólóhùn náà nígbà mẹ́ta. Ọdún méjì ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ yàrá yíyà, kò sí ìwé tí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Kò sí ẹyọ ọmọ kan tí ó kọjú sí pátákó.

Ìyá Ìbéèrè dúró ní ìta wíńdò, ó na ọwọ́ wọlé. "Ẹ fi ojú ọ̀nà sílẹ̀ fún ìmọ́lẹ̀ o! Kó má kọ lu tábìlì." Wọ́n sì yẹra. Àyè mítà méjì àtààbọ̀ là yàrá náà láàárín, kò sí ẹni tí ó fa ìlà sí i. Ní àárín rẹ̀ gan-an ni mo ti ya tábìlì keje sí ní ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlélógún

Àwòrán tuntun parí. Tábìlì tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ, kí méjì lè papọ̀ di onígun mẹ́fà, kí ọmọ kan lè dá gbé e. Pátákó tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀, fún ẹni tí ó ń ronú lórí ikùn. Ìsàlẹ̀ wíńdò di ìjókòó. Igun kan ní ògiri onípákó tí kò ga ju èjìká ọmọ lọ: èmi nìkan, ṣùgbọ́n kí n máa rí yín.

Bàbá Káfíńtà wo àwòrán tábìlì náà. "Ó gbọ́dọ̀ fúyẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ lágbára. Màdáámù, ẹ kúkú ní kí n bá yín wá ọkọ tí kì í jẹun tó sì sanra."

Owó pákó ti tún gòkè. Ó ní òun yóò lo àwọn àga kíkán. Mo yẹ igi wọn wò. Igi gidi ni.

Ó kan ìṣó idẹ mọ́kàndínlógún mọ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé mi ti wí. Ó fi gíláàsì pẹlẹbẹ kan bo ihò náà nítorí òjò. Nínú ìwé iṣẹ́, mo fagi lé ohun tí mo kọ tẹ́lẹ̀, mo sì kọ: ihò kan, a kò gbọdọ̀ dí i.

Ọjọ́ Ẹtì, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Ṣẹ́rẹ́

Gbogbo wa dúró: ọmọ mọ́kànlá, Ọ̀gá Àgbà, Bàbá Káfíńtà. Ìyá Ìbéèrè wà lójú wíńdò. Agogo ìsinmi dún.

Ìmọ́lẹ̀ náà kò bọ́ sórí ìṣó. Ó wà ní apá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, ó jìnnà sí i ní sẹ̀ǹtímítà méjìdínlọ́gọ́ta. Ó ju apá ọmọ lọ.

Lẹ́yìn náà ohùn kékeré wá láti ojú wíńdò.

"Ẹ ò wọ̀n ọ́n dáadáa, Àǹtí."

Ì bá sàn bí ó bá pariwo.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Mo lọ tún un wọ̀n, èmi nìkan. Ògiri kò sún. Tépù mi kò fà. Ìṣó kọ̀ọ̀kan wà níbi tí ìwé ní kí ó wà. Ó kù kí ó jẹ́ pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni mo ti kọ ìwé náà lódì.

Nídìí oúnjẹ ọ̀sán, baálé mi ní, "Bóyá o ṣìṣe."

Mo ní, "Bóyá."

Ó gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀, ó wò mí bíi pé ara mi kò yá. Láti ọdún mọ́kàndínlógún tí a ti fẹ́ ara wa, kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi rí. Ìyàwó tí ó ń wọn iyọ̀ kí ó tó fi sí ọbẹ̀!

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù Èrèlè

Ìkùukùu láti àárọ̀. Aago mẹ́wàá kọjá lójú òfo.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Mo ti pinnu pé n óò máa sàmì sí i fúnra mi, bí ó bá bọ́ síbi tí ó yẹ, bí kò bọ́ síbẹ̀. Òní yẹ kí ó padà sí ìṣó kẹtàdínlógún. Ó fi sẹ̀ǹtímítà mọ́kàndínlọ́gọ́ta tàsé rẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ojú kan wà ní wíńdò. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Lẹ́yìn agogo ìsinmi, mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ tí ohùn náà fi dún láti wíńdò.

"Àǹtí, ẹ ka àwọn nọ́ńbà yẹn fún mi."

Mo kà á: méjìdínlọ́gọ́ta. Mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Mọ́kàndínlọ́gọ́ta àtààbọ̀ lánàá. Ọgọ́ta lónìí.

Ó kà wọ́n sórí ìka.

"Ẹ tún un kà."

Mo tún un kà. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀, eré ni, ó yí ilé ká. Ohun tí mo rí lẹ́yìn náà ni orí ọmọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀.

"Àṣìṣe èèyàn kì í tò báyìí! Ẹni tó bá ń ṣìṣe, á lọ sọ́tùn-ún, á tún lọ sósì. Èyí ń rìn. Ẹ wò ó! Àǹtí, ẹ ò ṣìṣe! Ọ̀nà mìíràn ló gbà bọ̀!"

Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wọn àyè láti ìṣó dé àmì, láti ìṣó dé àmì. Àwọn mọ́kànlá ti kó ara wọn jọ yí i ká. Kò mọ̀ pé òun ti wọlé. Ẹnì kan fẹ́ pariwo rẹ̀, Bàbá Káfíńtà sì gbé ìka lé ètè.

"Kí ló dé tí ò gba ọ̀nà tó gbà lọ?" ni ó bi mí.

Mo ní ìdáhùn tí mo máa ń fún ènìyàn bí n kò bá mọ nǹkan. Ó gùn, ó sì dùn-ún gbọ́. Mo wo ojú ọmọ náà, n kò lè lò ó.

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ̀yin náà ò mọ̀?"

"Èmi náà ò mọ̀."

Ó mí kanlẹ̀, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí a fún lẹ́bùn. "Ó dáa. A jẹ́ pé ìbéèrè gidi ni."

Mo jáde lọ dúró nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo ti ń gbé lábẹ́ oòrùn yìí fún ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo pe olùkọ́ mi àtijọ́ lórí fóònù, ẹni òfin "ẹ kọ ọ́ sílẹ̀". Ohùn rẹ̀ ti di ti arúgbó. Mo ròyìn ilẹ̀ tí mo fọ̀ fún un, mo sì ka nọ́ńbà. Ó rẹ́rìn-ín títí tí ó fi wúkọ́. Ó mọ ìdí rẹ̀, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún mi: aago wa ni ó ń rìn déédéé, oòrùn kò bá a ṣe àdéhùn, a máa yá nígbà kan, a sì máa pẹ́ nígbà mìíràn. Mo ní kí ó jẹ́ kí n wá bébà, kí n lè sọ fún ọmọ náà lọ́la.

"Ọmọ ọdún mélòó?"

"Mẹ́wàá, sà."

"Kó o wá sọ fún un?" Ó tún wúkọ́. "Bí o bá sọ fún un, o tún fọ ilẹ̀ yẹn nìyẹn."

Mo gbé bébà sílẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Mo fi nǹkan kan kún àwòrán: ìsàlẹ̀ pátákó, láti ilẹ̀ dé orúnkún, yóò jẹ́ ti ìbéèrè tí kò tíì ní ìdáhùn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ nù ún láìgba àṣẹ ẹni tí ó kọ ọ́. Ìyá agbálẹ̀ búra fún mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Ògiri tí wọ́n máa ń ní kí n kọjú sí, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní bíríkì igba ó lé mẹ́tàdínlógún. Mo kọ ọ́ síbí nítorí pé n kò kọ ọ́ síbikíbi rí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Àwọn tábìlì ti dé. Mo jókòó sí igun fún wákàtí kan, mo sì kà á: ìgbà mẹ́rìnlá ni wọ́n sún wọn. Wọ́n ń pín, wọ́n ń papọ̀, bí omi tí ó mọ ibi tí ó ń lọ. Ẹni tí ó ń kólòlò sọ̀rọ̀ láti orí ògiri kúkúrú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò sì kólòlò.

Olùkọ́ ìṣirò wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi ojú ka àwọn ìṣó náà.

"Èwo ni tèmi nínú àwọn ìṣó yìí?"

Ìyá Ìbéèrè kò gbójú sókè. "Gbogbo wọn ni tiyín, sà."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Bí ẹni tí ó ń dúpẹ́ ni. Ọkùnrin náà yọ awò ojú rẹ̀, ó sì ń nù ún lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ọmọ náà fẹ́ kan ìṣó fún ọjọ́ Ẹtì ṣáájú kí ọjọ́ Ẹtì tó dé. Kì í ṣe níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Ọ̀wàrà, bí kò ṣe níbi tí yóò gbà bọ̀. Ó ní ìyàtọ̀ tí ó ń fẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, àti pé yóò jẹ́ mẹ́tàdínlọ́gọ́ta.

"Ọjọ́ tí àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ gan-an," ni Bàbá Káfíńtà wí. "Tó bá kùnà ńkọ́? Mo ti lu sìmẹ́ńtì nìyẹn."

"Tó bá kùnà, a máa mọ nǹkan kan."

"Ìyá rẹ náà á mọ nǹkan kan," ni ó kùn sínú, ṣùgbọ́n ó kan ìṣó náà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ìkùukùu bo ojú ọ̀run ní aago mẹ́jọ. Ní aago mẹ́sàn-án, ó ṣì wà níbẹ̀. Ìyá ọmọ náà dé, ó fi bébà kan tí ó ká sí mẹ́rin pamọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́. Mo mọ̀ láìkà á pé lẹ́tà tí yóò fi mú ọmọ rẹ̀ kúrò ni.

Alábẹ̀wò méjì ni. Èyí tí ó dàgbà jù ń fi ẹsẹ̀ wọn yàrá, ó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ó béèrè ìdí tí a fi fi àárín yàrá ṣòfò. Ọ̀gá Àgbà wò mí. Èmi wo òkè. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí aago mẹ́wàá lù ni páànù bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́kẹ́kẹ́ bí ó ti máa ń ṣe bí oòrùn bá rà á.

Agogo dún.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni Ìyá Ìbéèrè wí láti abẹ́ tábìlì kan, "ẹsẹ̀ yín ti dúró lórí aago mẹ́wàá."

Bàbá alábẹ̀wò náà wo ilẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ roboto kan wà lórí bàtà rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ẹni tí ó tẹ ẹní elẹ́ní. Ìmọ́lẹ̀ náà bọ́ sílẹ̀, sórí ìṣó idẹ, ó sì kún orí rẹ̀ pátápátá, kò ṣẹ́kù, kò lé. Idẹ náà tàn bí ojú.

Bàbá náà ṣí fìlà, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ kan ìṣó yìí?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, sà."

"Ta ló sọ fún yín pé ibí ló máa wà?"

"Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n sọ fún wa."

Ó wo ọ̀wọ́ ìṣó àtijọ́, ó wo ọ̀wọ́ àmì tuntun. "Wọn ò gba ọ̀nà kan náà. Ṣé o mọ ìdí—"

"Mi ò tíì mọ̀ ọ́n, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi."

Ó pa ẹnu dé. Nínú ìwé rẹ̀, mo rí i tí ó fagi lé "àyè ṣòfò".

Ìyá ọmọ náà bọ́ síwájú. Ó yọ tépù ọrùn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lé ìṣó àtijọ́, ó sì nà án dé èyí tí ìmọ́lẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ó ka nọ́ńbà náà sókè, fún ara rẹ̀: "Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta." Ó tún un wọ̀n. Iye kan náà ni.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ, ọmọ náà da ìwé iṣẹ́ mi padà. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó ti ń mú un lọ sílé. Mo ṣí i sí ojú ewé àwọn àmì. Ó ti fa igi kan ṣoṣo lé "àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ". Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ti fi rúlà fa ìlà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, láti ogún dé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ó kọ ọjọ́ sí iwájú ìkọ̀ọ̀kan, láti oṣù Bélú dé oṣù Ọ̀pẹ ọdún yìí. Ibi tí ó yẹ kí ìwọ̀n wà ṣófo, títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi tún gba ibẹ̀ kọjá.

Ìyá rẹ̀ ti dé ẹ̀yìn mi, ó ń kà á láti orí èjìká mi. Ó kà á títí dé ìlà tí ó kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó ya bébà ọwọ́ rẹ̀ sí méjì, ó sì ya á sí mẹ́rin.

"Oṣù Ọ̀pẹ," ni ó wí. "Ẹ wò ó, a ṣì wà níbí nìyẹn."